George Washington Carver: Olùkọ́ tí ó Gbé Ilé-Ẹ̀kọ́ Lọ Bá Àgbẹ̀ Lóko

Ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé wa, ọmọ tí ó bá pẹ́ dé ni a ń rán lọ roko. Kí ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò ka iṣẹ́ àgbẹ̀ sí bí kì í bá ṣe ìyà? Yóò jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án láì mọ ohun tí ẹ̀wà náà ṣe fún ilẹ̀ tí a gbìn ín sí. Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ rán ẹ̀yin òǹkàwé wa, pàápàá ẹ̀yin olùkọ́, létí ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí ó fi ayé rẹ̀ la irú ọ̀rọ̀ yìí yé àwọn ènìyàn rẹ̀.

Inú oko-ẹrú ni a bí George Washington Carver sí, ní Missouri ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1864. Ó wà ní ọmọ ọwọ́ nígbà tí àwọn jàǹdùkú jí òun àti ìyá rẹ̀ gbé. Ọmọ nìkan ni a rí gbà padà, ẹṣin kan sì ni olówó rẹ̀ fi san oore ẹni tí ó wá a rí. A kò gbúròó ìyá rẹ̀ mọ́. Nítorí pé ara ọmọ náà kò le, iṣẹ́ ilé àti ti ọgbà ni a fi lé e lọ́wọ́, níbẹ̀ ni ó sì ti mọ ìwà ewé àti egbò.

Ó fi ilé sílẹ̀ láti wá ìwé kà, ó ń fọṣọ fún àwọn ẹlòmíràn kí ó lè rí owó jẹun. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kansas ti fi lẹ́tà gbà á, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n rí àwọ̀ ara rẹ̀, wọ́n dá a padà. Kò sọ̀rètí nù. Ní ọdún 1891 ó wọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Iowa, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ó gba oyè ní 1894, ó tún gba òmíràn ní 1896. Ní ọdún 1896 kan náà ni Booker T. Washington, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Tuskegee ní Alabama, pè é wá láti máa darí ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ohun tí ó bá níbẹ̀ bani nínú jẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ni ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n ń gbin òwú lé òwú lọ́dọọdún, títí tí ilẹ̀ fi ṣá. Òwú kún oko, oúnjẹ kò sí nílé, àwìn ni wọ́n sì ń rà jẹ. Carver kọ́ wọn láti máa fi ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọ̀dùnkún gba ipò òwú. Gbòǹgbò ẹ̀wà àti ti ẹ̀pà ní àwọn kókó wẹ́wẹ́; inú wọn ni àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò lè rí ń gbé, àwọn ni ó sì ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ fún ohun ọ̀gbìn. Ẹ̀wà yìí kì í ṣe àjèjì sí wọn, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà ni ó ti ṣẹ̀, òwò ẹrú ni ó sì gbé e dé ọ̀hún. Fún ẹni tí kò lówó ajílẹ̀, ó kọ́ ọ láti kó ewé jíjẹrà inú igbó àti ẹrẹ̀ àbàtà sí oko.

Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn kò lè fi oko sílẹ̀ wá jókòó ní kíláàsì. Nítorí náà, ní ọdún 1906, Carver ṣètò kẹ̀kẹ́-ẹrù tí ẹran ń fà, tí Morris Jesup ará New York fi owó ràn lọ́wọ́. Wọ́n kó irúgbìn, ohun èlò ìtúlẹ̀ àti èyí tí a fi ń po wàrà di bọ́tà sínú rẹ̀. Thomas Campbell, tí ó kàwé ní Tuskegee, ni ó ń darí rẹ̀ láti oko dé oko. Lórí ilẹ̀ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, níṣojú aya àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Carver tún kọ ìwé pẹlẹbẹ 44. Ó ń kọ ohun tí yóò yé àgbẹ̀, ohun tí olùkọ́ lè fi kọ́ni, àti bí ìyàwó ilé yóò ti se oúnjẹ. Èyí tí ó tẹ̀ jáde ní 1916 ṣàlàyé ọ̀nà 105 tí a lè gbà ṣe ẹ̀pà fún jíjẹ. Ní ọdún 1921, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀pà níwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin Amẹ́ríkà. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ wọ́n létí, wọ́n fi àyè sí i fún un. Àwọn kan ń sọ pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀pà lílọ̀ tí à ń fi jẹ búrẹ́dì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn ti ń ṣe é ṣáájú rẹ̀, ògo rẹ̀ kò sì nílò àbùmọ́.

Ó kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní, ọdún 1943, a sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ Washington ní Tuskegee. Owó tí ó fi pamọ́ ni ó fi sílẹ̀ fún ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀.

Lójú tiwa, orílẹ̀-èdè tí ó bá fi oko ṣe ìyà fún ọmọ rẹ̀ ń kọ́ ọ láti kórìíra ọwọ́ tí ń bọ́ ọ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fa ẹ̀wà kan tu pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé yín. Ẹ fi kókó wẹ́wẹ́ náà han àwọn ọmọ, ẹ sì sọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún wọn. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, ibẹ̀ gan-an ni Carver sì ti bẹ̀rẹ̀.