Asmau Ọlọ́jàá Méjì: Ìyá Àgbà Tí Ìmọ̀ Rẹ̀ Kò Kú

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú, ẹ jẹ́ kí á rántí Asmau ọmọ Abubakar, ẹ̀gbọ́n Aisha (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí wọn).

Ní ọdún 622, nígbà tí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) àti Abubakar fẹ́ ṣe hijira lọ sí Mọ̀dínà, Asmau kò rí okùn di oúnjẹ wọn. Ó fa ọ̀já ìdí rẹ̀ ya sí méjì, ó fi dì í. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè é ní Ọlọ́jàá Méjì.

Ní ọdún 692, ogun ká Abdullahi ọmọ rẹ̀ mọ́ Mọ́kà. Ìyá ti darúgbó, ojú rẹ̀ ti fọ́, síbẹ̀ ó gbà á níyànjú pé kí ó má tìtorí ikú fi òdodo sílẹ̀. Wọ́n pa ọmọ náà. Kò pẹ́ sí i tí ìyá náà fi jáde láyé.

Ṣùgbọ́n Fatima, ọmọ ọmọ rẹ̀, ti gba hadisi lẹ́nu rẹ̀. Fatima sọ ọ́ fún Hisham ọkọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ọmọ ọmọ Asmau. Ó wà nínú ìwé Bukhari àti ti Muslim títí dòní.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ni alùfáà àkọ́kọ́ tí ọmọ yín mọ̀. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí ìmọ̀ wa ṣẹ́kù sára ọmọ. Àmín.