August Bier (1861–1949): Oníṣẹ́ Abẹ Tí Ó Fi Ara Rẹ̀ Wádìí Ẹ̀fọ́rí

Ọdún 1861 ni wọ́n bí August Bier ní Helsen, ní ilẹ̀ Jámánì. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì di igbákejì Friedrich von Esmarch, gbajúgbajà oníṣẹ́ abẹ ní Kiel. Nígbà náà, ether àti chloroform ni wọ́n fi ń mú aláìsàn sùn kí wọ́n tó fi abẹ kàn án. Àwọn mìíràn kì í sì í jí mọ́.

Bier gbèrò láti mú apá ìsàlẹ̀ ara nìkan kú. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1898, ó fi abẹ́rẹ́ fa kokéènì sínú omi tí ó yí ògóró ẹ̀yìn ká lára òṣìṣẹ́ kan tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti ba kókósẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Ọkùnrin náà kò mọ ìrora iṣẹ́ abẹ náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀, èébì gbé e, orí sì ń fọ́ ọ. Irú rẹ̀ ṣe àwọn aláìsàn mìíràn.

Kí ó lè mọ ohun tí ojú wọn ń rí, Bier ní kí Hildebrandt, igbákejì rẹ̀, gún òun náà ní ọjọ́ 24 oṣù yẹn. Siríǹjì kò bá abẹ́rẹ́ mu. Omi ẹ̀yìn Bier dà nù, oògùn sì ṣòfò. Hildebrandt bá fi ẹ̀yìn tirẹ̀ sílẹ̀. Bier fi òòlù irin lu ojúgun rẹ̀, ó fi sìgá jó o lẹ́sẹ̀; kò dùn ún.

Ọjọ́ kejì ni ìyà dé. Fún ọjọ́ 9, bí Bier bá dìde, orí a máa fọ́ ọ, òòyì a sì máa kọ́ ọ. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ara a tù ú. Láti inú èyí ni ó ti fura pé omi tí ó dà nù ni ó fa ẹ̀fọ́rí náà. Ó tẹ ìròyìn náà jáde ní 1899, kò sì fi èyí tí kò dára pamọ́.

Ìfura rẹ̀ ni ìtọ́jú òde òní dúró lé lórí. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni a ń lò báyìí, kí ihò má baà tóbi. Bí ẹ̀fọ́rí bá ṣì le, a máa ń fa ẹ̀jẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ihò náà, kí ó lè dì, kí ó sì dí i. James Gormley ní Amẹ́ríkà ni ó fi ọ̀nà yìí hàn ní 1960.

Bier di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin ní 1907. Ní 1908, ó gbé ọ̀nà mìíràn jáde, èyí tí a fi ń di apá kí a tó fa oògùn sínú iṣan rẹ̀. Ó tún gbin igbó ńlá sí Sauen, níbẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1949. Títí di òní, ọ̀pọ̀ abiyamọ tí wọ́n ń fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, ní Nàìjíríà àti káàkiri ayé, ń jí ojú sílẹ̀ gbọ́ igbe àkọ́kọ́ ọmọ wọn nítorí iṣẹ́ rẹ̀.