Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Ọmọ Òṣoògùn tó Rí Wàhálà, tí Kò Bọ́hùn

Gbogbo wa la mọ Samuel Àjàyí Crowther sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú Ìjọ Áńgílíkà. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbé ìdálẹ̀ tún ní ẹ̀kọ́ mìíràn láti kọ́ lára rẹ̀: bí èèyàn ṣe ń ru ẹrù ìbànújẹ́ tí kò fi ní wó mọ́ ọn.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni wọ́n bí i ní Òṣoògùn. Ní 1821, ogun kó ìlú náà, tòun tìyá rẹ̀ sì di ẹrú. Wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n tún fi í pààrọ̀ ọtí àti tábà. Nígbà tó rò pé ọwọ́ àwọn Potogí lòun ń lọ, ayé sú u débi pé ó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọlọ́run kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun, ó sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sàró.

Níbẹ̀, iṣẹ́ àti èèyàn ló fi tu ara rẹ̀ nínú. Láàárín oṣù mẹ́fà ó ti ń kàwé. Ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà pẹ̀lú. Ọmọbìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ bíi tirẹ̀ ló fẹ́. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Akú nítorí bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ń dáwó tọ́jú aláìsàn, wọ́n sì ń sin òkú ara wọn. Irú ẹgbẹ́ tiwa yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ní 1843 ó di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, ó rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Wọ́n wo ara wọn títí, omijé ń dà, ọ̀rọ̀ kò jáde.

Àdánwò kò tán síbẹ̀. Ní 1862, iná jó ilé rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó ti ń kó jọ fún ọdún 11. Ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n ó tún mú kálàmù. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù. Ní 1884, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ parí ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá.

Ní 1890, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ajíhìnrere fi ẹ̀sùn kan àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní agbègbè Odò Ọya, wọ́n sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúrò nínú ìgbìmọ̀ wọn pẹ̀lú ọgbẹ́ ọkàn, ṣùgbọ́n kò káwọ́ gbera: ó ń bá àwọn ìjọ etí òkun gbìmọ̀ bí wọn yóò ṣe dá dúró. Èkó ló kú sí ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, 1891. Ní 1892, àwọn ìjọ náà dá dúró lábẹ́ Dandeson, ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ẹni, ọjà lè jóná, àjòjì lè fojú tín-ín-rín ẹni. Ẹ má ṣe dá nìkan jókòó ti ìbànújẹ́. Ẹ sọ fún ará ilé, ẹ wá sí ìpàdé. Ẹni tí ayé sú lọ́mọdé ló di baba ìwé Yorùbá.