Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther: Ẹni tí Ó Jọ̀wọ́ Ìyà Àná fún Ọlọ́run

Àwa tí a wà ní Fìdítì, Ìlọrà àti àwọn ìlú Afijió yòókù, ọmọ ẹni tí ogun lé kiri ni púpọ̀ nínú wa. Nítorí náà, ìtàn tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sí wa rárá.

Òṣoògùn, lágbègbè Ìṣẹ́yìn, ni a bí Àjàyí sí. Ní 1821, nígbà tí ó tó bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ogun já wọ ìlú náà. Wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ Àfàlà, àti àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì lẹ́rú. Wọ́n ya ọmọ kúrò lára ìyá, wọ́n sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin. Láti ọwọ́ olówó kan dé ọwọ́ òmíràn ni wọ́n ń tà á, títí ìbànújẹ́ fi mú un débi pé ó fẹ́ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọlọ́run kò gbà fún un. Ní oṣù kẹrin 1822, àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ àwọn Potogí tí wọ́n kó o sí, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró.

Níbẹ̀ ni ó ti kàwé, tí ó sì gba Jésù gbọ́. A ṣe ìrìbọmi fún un ní 1825, a sì sọ ọ́ ní Sámúẹ́lì. Ó fẹ́ Susan, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú gẹ́gẹ́ bí òun náà. Ní 1837 ó kọ gbogbo ìyà tí ó jẹ sínú lẹ́tà. Ẹ kíyè sí èyí: kò díbọ́n pé kò dun òun. Ó ní òun kò ní gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n kó òun títí láé, síbẹ̀ ó rí ìbùkún Ọlọ́run nínú ọjọ́ náà.

Wọ́n fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1843. Ó lè jókòó jẹ́jẹ́ sí Sàró, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ti tà á ni ó padà sí pẹ̀lú ìyìn rere. Ó dé Abẹ́òkúta ní 1846, níbi tí Thomas Birch Freeman ti Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa ti kọ́kọ́ wàásù ní 1842. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ ọdún 1846 náà, Àfàlà wá bá a. Ọdún márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n ti kọjá. Ìyá ń gbọ̀n, wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀, omijé ni ó ń dà. Ní 1848, a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hánà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Hánà àti Sámúẹ́lì nínú Bíbélì, ẹ wo iṣẹ́ Olúwa!

Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà nínú ìjọ Áńgílíkà. Òun ni aṣáájú nínú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì Yorùbá, tí ó jáde lódindi ní 1884. Ṣùgbọ́n ìdánwò kò tán. Ní 1890, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó fi í wọ́lẹ̀ ní Ọ̀nìtshà, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ dúró. Kò dákẹ́, ó gbèjà wọn, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi Jésù sílẹ̀. Nínú ìgbàgbọ́ yìí ni ó sùn ní Èkó, ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1891.

Ẹ̀yin ìyá, kì í ṣe pé kí á gbàgbé ni Olúwa ń béèrè. Opó tí àwọn àna lé jáde kò lè gbàgbé. Abiyamọ tí ó sin ọmọ kò lè gbàgbé. Ohun tí a lè ṣe ni kí á má jẹ́ kí àná di ọ̀gá lé ọ̀la lórí. Ẹ jẹ́ kí á sọ ẹ̀dùn ọkàn wa fún Ọlọ́run láìfi nǹkan kan pamọ́, kí á jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un, kí á sì dìde padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Kí Olúwa fún wa ní oore-ọ̀fẹ́ láti fara dà á dé òpin. Àmín.