Battling Siki: Akọni Ogun Tó Gba Adé Ẹ̀ṣẹ́ Kíkàn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, orúkọ Muhammad Ali kò ṣàjèjì sí yín. Ṣùgbọ́n ó ku ogójì ọdún ó lé méjì kí Ali tó gba adé àgbáyé ní 1964, tí ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan ti gba tirẹ̀.

Mbarick Fall ni orúkọ rẹ̀. Battling Siki ni ayé mọ̀ ọ́n sí. Saint-Louis ní Senegal, ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ni wọ́n ti bí i ní 1897. Kékeré ló dé ilẹ̀ Faransé, kò sì tíì pé ogún ọdún tó fi ń kan ẹ̀ṣẹ́ gbowó. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní dé ní 1914, ó di ọmọ ogun Faransé. Ó fara gbọgbẹ́, ó sì ja ìjà akin débi pé wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Croix de Guerre àti Médaille Militaire.

Lẹ́yìn ogun, ó padà sídìí ẹ̀ṣẹ́. Ní ọjọ́ 24 oṣù September, 1922, ní Paris, ó bá Georges Carpentier pàdé, ààyò àwọn Faransé, tí òun náà gba àmì-ẹ̀yẹ méjèèjì yìí lójú ogun. Ní ìpele kẹfà, Siki lù ú bolẹ̀. Rẹfirí ní Siki fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ, ó sì gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ rẹ̀. Ariwo ta! Nígbà tó yá, àwọn adájọ́ dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Síbẹ̀, ojú kan náà kọ́ ni wọ́n fi wo akọni méjèèjì. Ẹni tó ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún Faransé ni àwọn ìwé ìròyìn ń pè ní ará igbó.

Kí la wá rí kọ́? Ẹ̀gàn ayé kò wó Siki, ọtí ló bá a jà. Ọtí àti ìjà òru kò jẹ́ kó gbádùn adé rẹ̀. Ó pàdánù adé náà fún Mike McTigue ní Dublin ní oṣù March, 1923, ó sì kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní oṣù December, 1925, wọ́n yìnbọn fún un lẹ́yìn ní òpópónà New York. Ọmọ ọdún 28 ni.

Ilé làbọ̀ sinmi oko: ní 1993 ni wọ́n gbé egungun rẹ̀ padà sí Senegal. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹni tí ìbọn ogun kò pa, ẹ má jẹ́ kí ìgò ọtí borí rẹ̀. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa. Àmín.