Louis Edet: Akọ̀wé tó di ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá

Àwọn àgbà ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, kò jẹ́ gbàgbé ọdún 1965, nígbà tí ìjà òṣèlú tí wọ́n ń pè ní wẹ́tìẹ̀ gba gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Nàìjíríà nígbà náà ni Olóògbé Louis Orok Edet, ọmọ ilẹ̀ wa àkọ́kọ́ tó dé ipò ọ̀hún.

Ọmọ Kàlàbá ni Edet. Ìlú yìí kan náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti ṣẹ̀wọ̀n kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ lọ́dún 1966.

Iṣẹ́ akọ̀wé ni wọ́n fún Edet nígbà tó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá lọ́dún 1931. Òyìnbó ló ń ṣe ọ̀gá nígbà náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa ló ń ṣe kọ́ńsítébù àti akọ̀wé. Odidi ọdún mẹ́rìnlá kọjá kó tó di súb-ínspẹ́kítọ̀ lọ́dún 1945. Nígbà tó di 1949, wọ́n sọ ọ́ di ASP.

Lọ́dún 1960, òun ló ṣáájú àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbà lọ sí Kóńgò. Orílẹ̀-èdè náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, àwọn sójà ibẹ̀ sì ti dìtẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni láti darí àwọn èèyàn ẹni ní ilẹ̀ tí èèyàn kò gbọ́ èdè wọn. Lọ́dún 1964, ó gba ipò tí òyìnbó nìkan ti ń jẹ láti 1930.

Àmọ́ kò pẹ́ tí iná fi jó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn ìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965, wọ́n ń dáná sun ilé àti mọ́tò káàkiri ìwọ̀-oòrùn. Yàtọ̀ sí àwọn ọlọ́pàá tó wà lábẹ́ Edet, ọlọ́pàá ìbílẹ̀ náà wà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì gbà pé àwọn olóṣèlú ló ń lò wọ́n. Nígbà tí ìjọba ológun dé, wọ́n fòpin sí ọlọ́pàá ìbílẹ̀.

Ọdún 1966 ni Edet fẹ̀yìn tì, tí Alhaji Kam Selem sì gba ipò rẹ̀. Ó ṣe kọmíṣánnà ní ìpínlẹ̀ South-Eastern lẹ́yìn náà. Ó kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1979. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Àbújá.

Lọ́dún 1979 yẹn náà ni ìjọba dá ilé-ẹ̀kọ́ NIPSS sílẹ̀ ní Kúrú, nítòsí Jos. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá, ológun àti òṣìṣẹ́ ìjọba tí iṣẹ́ ti mọ́ lára ń jókòó pọ̀ kọ́ bí a ṣe ń darí ìlú. Àwọn ọlọ́pàá tún ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá tiwọn ní Jos. Edet kò rí irú rẹ̀ nílé.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ tún ti wà nílẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá rántí 1965 mọ̀ pé kì í ṣe aṣọ àti ìbọn nìkan ni ọlọ́pàá nílò. Ọ̀gá tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ń fẹ́ ẹ̀kọ́, kó lè mọ̀ pé òfin ni ọ̀gá òun, kì í ṣe olóṣèlú.