Àfàlà

Àfàlà (tí ó kú ní ọdún 1883), tí a tún mọ̀ sí Hannah, ni ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Òṣogùn, nítòsí Ìsẹ́yìn ní Òkè-Ògùn, ni ó ń gbé.

Nígbà tí ogun dé ní ọdún 1821, ọkọ rẹ̀ ní kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ogun mìíràn ni ó pa á lẹ́yìn náà. Àfàlà kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọ igbó, pẹ̀lú ọmọ-ọwọ́ olóṣù 10, ṣùgbọ́n ọwọ́ tẹ̀ wọ́n. Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n pín wọn bí ìkógun: ìyá àti ọmọ-ọwọ́ lọ sọ́dọ̀ kan, Àjàyí àti arábìnrin rẹ̀ sọ́dọ̀ mìíràn. Ní ìlú Dàda, ìyá àti ọmọ tún pàdé fún nǹkan bí oṣù 3, kí wọ́n tó mú Àjàyí lọ.

Lẹ́yìn ọdún 25, ní 21 Oṣù Kẹjọ 1846, wọ́n tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Àwọn arábìnrin Àjàyí náà wà láàyè. Ní ọdún 1848, Àfàlà wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún níbẹ̀. Hannah, orúkọ ìyá Samuel inú Bíbélì, ni wọ́n sọ ọ́. Ojú rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ṣe di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864, nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Èkó ni ó kú sí.